Ṣé Òjóró Ni Gémù Ń Ṣe, Àbí Ìjà Náà Ló Le?

Tí ẹ bá wọ ilé gémù ní Sábó tàbí Ìta-Ẹlẹ́wà, níbí ní Ìkòròdú, lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀lù ni ẹ máa bá lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní ṣàìrí ọmọkùnrin kan tàbí méjì ní igun tí wọn ò bá ti bọ́ọ̀lù lọ. Idà ló wà lọ́wọ́ tiwọn, ẹbọra olórí mẹ́ta ló sì dìde sí wọn. Ó pa wọ́n, wọ́n padà, ó tún pa wọ́n. Ariwo tó ń jáde lẹ́nu wọn kì í yàtọ̀: "Bọ̀ọ̀dá, gémù yìí ń ṣe òjóró!"

Bọ̀ọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù á rẹ́rìn-ín. Ìyá tó wá pe ọmọ rẹ̀ nílé á ní kí ló dé tí èèyàn ń sanwó fún ohun tó ń bà á nínú jẹ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọmọ náà yẹ fún ìdáhùn gidi, torí nígbà míì òótọ́ ló ń sọ, gémù náà yàn án jẹ. Nígbà tó pọ̀ jù, ìjà náà ló le, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ. Méjèèjì yìí máa ń jọra wọn lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tán. Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni mo fẹ́ là yé yín, ẹ̀yin tí ẹ ń gbá gémù àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń gbọ́ ariwo láti yàrá kejì.

Irú gémù tí mò ń sọ ni èyí tí èèyàn ti ń di akọni inú ìtàn: jagunjagun, oṣó, ọdẹ, tàbí olè tó mọ ilẹ̀kùn ṣí. RPG, ìyẹn role-playing game, ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Orí tábìlì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà, bébà, pẹ́ńsùlù àti dáìsì ni wọ́n fi ń ta á, títí kan dáìsì olójú 20. Nígbà tó yá, Dragon Quest (1986) àti Final Fantasy (1987) sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ di ohun tí àwọn ọmọ Jàpáànù ń gbá nílé lórí tẹlifíṣọ̀n. Dáìsì ò kúrò nínú rẹ̀ títí di òní. Inú ẹ̀rọ ló kó sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ òjóró ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ ṣá ọ̀tá ládàá, gémù kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé 90% ni pé idà á bà á. Ó ṣá a, idà gba afẹ́fẹ́ kọjá. Ó tún ṣá a, ó tún tàsé. Ó ní ẹ̀rọ ń purọ́.

Ẹ wo àwọn awakọ̀ tó ń ta lúdò ní gáréèjì nígbà tí èrò ò tíì kún ọkọ̀. Ẹni tó nílò mẹ́fà lè da dáìsì títí kí mẹ́fà má yọjú. Á bínú, á fé dáìsì lẹ́nu, àmọ́ kò ní sọ pé dáìsì yan òun jẹ, torí ojú gbogbo wọn ló ti yí. Nínú gémù, a ò rí dáìsì tó ń yí. Nọ́ńbà kan là ń rí, lẹ́yìn náà là ń rí àbájáde, ìfura sì ti ráyè wọlé sí àárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Tí ẹ bá ní 90%, tí ẹ sì ṣá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 65% ni pé ẹ máa tàsé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Tí ìjà náà bá gùn dé ọgbọ̀n ìgbà, ó di nǹkan bí 96%. Ẹni tó bá ń retí pé òun ò ní tàsé rárá nínú ìjà gígùn, ohun tí nọ́ńbà yẹn ò ṣèlérí ló ń retí. Kéèyàn tàsé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra wọn lórí 90% jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dà bí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi àáké àti idà ṣá nǹkan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà lójúmọ́ máa pàdé rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó bà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kì í sì í gbé lọ́kàn wa. Èyí tó tàsé là ń bá sùn.

Àwọn tó ń ṣe gémù mọ èyí nípa wa, àwọn míì nínú wọn sì ti dọ́gbọ́n sí i. Nínú Fire Emblem: The Binding Blade, tó jáde ní 2002, nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ máa ń mú, á pa wọ́n pọ̀, á pín wọn sí méjì, ìyẹn ló fi ń pinnu bóyá idà bà. Nítorí náà, ibi tí ẹ ti rí 90%, 98.1% ló wà níbẹ̀ ní tòótọ́. 80% jẹ́ 92.2%. Ọ̀tá tí wọ́n sì kọ 10% fún, 2.1% péré ló ní. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí wọ́n kọ yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin ni ìyàtọ̀ náà ń gbè lẹ́yìn, torí akọni yín ló sábà máa ń ní nọ́ńbà ńlá, ọ̀tá ló sábà máa ń ní kékeré. Baldur's Gate 3, tó jáde ní 2023, ní irú ètò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n pè ní Karmic Dice. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí orí burúkú tẹ̀ léra wọn jù. Títàn ni ẹ máa bá a. Ẹni tó bá fẹ́ dáìsì pọ́ńbélé lè pa á.

Gémù tó rẹ́ni jẹ gan-an ti wà rí, láìjẹ́ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Nínú àwọn Pokémon àkọ́kọ́, tó jáde ní Jàpáànù ní 1996, ìkọlù tí wọ́n kọ 100% sí lè tàsé lẹ́ẹ̀kan nínú 256. Ẹ̀rọ á mú nọ́ńbà kan láti 0 dé 255, á wá béèrè bóyá ó kéré sí 255. Tó bá ṣe kòńgẹ́ 255 fúnra rẹ̀, ìkọlù tàsé. Àṣìṣe ẹni tó kọ ètò náà ni. Ọmọ tó pariwo òjóró lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún jàre, kò sì sẹ́ni tó dá a láre.

Tí a bá yọ dáìsì kúrò, kí ló ń mú kí ìjà tọ́? Àwọn kan ní kí agbára dọ́gba. Mi ò rí bí ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì, ìyẹn olórí àwọn ọ̀tá nínú gémù, tí agbára rẹ̀ kò bá ju tiyín lọ kì í ṣe bọ́ọ̀sì. Ohun tí èmi máa ń wò ni bóyá ikú tó pa mí fi ara rẹ̀ hàn kó tó dé, àti bóyá ohun tí mo kọ́ lára rẹ̀ máa wúlò nígbà tí mo bá padà lọ.

Àwọn gémù ilé iṣẹ́ FromSoftware ló dára jù láti fi wò ó, torí pé àwọn ni wọ́n máa ń ráhùn lé lórí jù: Demon's Souls ní 2009, Dark Souls ní 2011, Elden Ring ní 2022, gbogbo wọn láti ọwọ́ Hidetaka Miyazaki. Nínú wọn, kò sí pé ó kan ẹnì kan tàbí ó kan ẹnì kejì. Ojú ẹsẹ̀ ni ìjà ń lọ. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì láti yí gbiri, àyè kékeré kan wà tí kò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, tí ohun ìjà ọ̀tá ò ní lè mú yín. Gbogbo iṣẹ́ yín ni láti gbé àyè kékeré yẹn sí ìgbà tí idà ń bọ̀. Bọ́ọ̀sì á gbé èjìká sókè, á fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, á mí kanlẹ̀. Àmì nìyẹn. Nínú Elden Ring, ọ̀pọ̀ nínú wọn á tún gbé idà sókè, wọ́n á dá a dúró, kí ẹni tó ń kánjú ti yí gbiri tán kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń dun ni wọ inú eegun. Síbẹ̀, bó ṣe dá a dúró lónìí náà ló máa dá a dúró lọ́la. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á, á mọ̀ ọ́n. Mi ò lè pe ìyẹn ní òjóró.

Malenia ńkọ́? Nínú Elden Ring, obìnrin jagunjagun yìí máa ń gba ẹ̀mí padà nígbàkigbà tí idà rẹ̀ bá kàn yín, kódà tó bá jẹ́ pé apata lẹ fi gbà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní èyí kọjá ààlà. Mo rò ó lọ rò ó bọ̀, mi ò gbà. Òfin náà hàn síta láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́: ẹ rí i tí ẹ̀mí rẹ̀ ń gòkè. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé ààbò tí ẹ ti gbẹ́kẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ gémù ò ní ṣiṣẹ́ níbí, ẹ lọ wá òmíràn. Ibi tí mo ti bá àwọn tó ń ráhùn lọ ni ìkọlù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Waterfowl Dance. Á fò sókè, idà á wá máa bọ́ bí òjò láti ibi gbogbo. Ẹni tó bá wà nítòsí rẹ̀ nígbà yẹn, wíwò nìkan ò lè kọ́ ọ ní ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sá fún un. Ìjà tí ẹ ò lè kọ́ nínú ìjà fúnra rẹ̀, mo gbà pé àbùkù wà lára rẹ̀.

Ohun tí ojú ò rí náà jẹ́ ẹjọ́. Nígbà tí àfikún Elden Ring, Shadow of the Erdtree, jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìmọ́lẹ̀ tó ń bú jáde lára bọ́ọ̀sì ìkẹyìn pọ̀ débi pé apá rẹ̀ ò hàn mọ́ nígbà tó bá ń bọ̀. Àmì tí gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé lórí ti bọ́ sínú iná. Ní oṣù kẹsàn-án, ilé iṣẹ́ náà dín agbára àwọn ìkọlù kan kù, wọ́n sì mú kí ojú túbọ̀ máa rí àwọn kan. Bọ́ọ̀sì náà ṣì le gan-an lẹ́yìn àtúnṣe. Inú mi dùn sí i pé wọ́n kọbi ara sí ọ̀rọ̀ ojú yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọgbọ́n ìjà, torí ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ìrẹ́jẹ ni ọgbọ́n ń tú.

Nínú àwọn gémù tó jẹ́ pé ẹ ṣe tiyín, ọ̀tá ṣe tirẹ̀, ohun tó ṣe iyebíye jù ni iye ìgbà tó kàn yín. Ẹ jẹ́ ká pe ìgbà kọ̀ọ̀kan ní ọwọ́. Ẹ̀yin akọni mẹ́rin ní ọwọ́ mẹ́rin, bọ́ọ̀sì dá nìkan ní ẹyọ kan. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ máa yí i ká, ẹ máa lù ú pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọ̀tá ńlá ní ọwọ́ púpọ̀. Nínú òfin Dungeons & Dragons òde òní, dírágónì lè tún ṣe nǹkan lẹ́yìn tí akọni kan bá ṣe tirẹ̀ tán, kó tó kan òun gan-an. Ọmọ tó bá rí i á ní kò tíì kàn án, ó sì ti ń ṣe. Wọ́n fi kún un kí iye ọwọ́ lè súnmọ́ra ni.

Gémù tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí jù lọ ni Shin Megami Tensei III: Nocturne, tí Atlus gbé jáde ní Jàpáànù ní 2003. Òfin rẹ̀ rọrùn. Tí ẹ bá fi ohun tí ọ̀tá kórìíra lù ú, ìdajì ọwọ́ péré ló ná yín, ẹ lè fi ìdajì tó kù ṣe nǹkan míì. Tí ẹ bá tàsé, ọwọ́ méjì lọ. Tí ẹ bá lu ọ̀tá ní ohun tó ń gbé mì, gbogbo ọwọ́ yín tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí òfin ṣe rí fún yín ló ṣe rí fún ọ̀tá. Tí ara yín bá kórìíra iná, wọ́n á fi iná jẹ yín tán. Tí iná ò bá ràn yín, wọ́n á máa fi ọwọ́ ara wọn ṣòfò.

Láìpẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ gémù yìí, ẹ máa pàdé egungun kan tó wọ aṣọ ẹni tó ń bá màlúù jà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Matador. Ó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn ju páàdì sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé á ju aṣọ pupa rẹ̀, ara rẹ̀ á sì fúyẹ́ débi pé ẹ ò ní lè bà á. Ẹ ṣá a, ẹ tàsé, ọwọ́ méjì lọ. Ẹ tún ṣá a, ó tún lọ. Ó wá kàn án, ìjì rẹ̀ á sì gbá gbogbo yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti fi agbára nìkan dé ibẹ̀ máa ní wọ́n ti yan òun jẹ.

Ẹ wá wo bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe é. Kó tó wọlé, ó ti wọ ohun tí kì í jẹ́ kí ìjì ran akọni rẹ̀, ó sì ti yọ èyí tí ìjì máa ń pa kúrò lára àwọn ẹbọra tó ń bá a jagun. Nígbà tí Matador bá ju aṣọ pupa, kò ní kánjú ṣá a. Á fi ọwọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ mí kùrukùru sí i títí ara rẹ̀ á fi wúwo padà, á sì mú kí ara tirẹ̀ náà yá sí i. Ìgbà yẹn ló tó ń kọlù ú. Ìjì tó bá bá ẹni tí kò ràn, ọwọ́ Matador fúnra rẹ̀ ló ń jẹ. Ìjà kan náà ni, àwọn ohun èlò kan náà ló sì wà lọ́wọ́ ẹni tó sunkún lánàá.

Nocturne kan náà ní ohun tí mi ò lè gbèjà. Tí akọni àgbà bá kú, eré parí, kódà tí àwọn mẹ́ta yòókù bá wà láàyè. Àwọn ọ̀tá kan sì ní èèdì tó ń pani lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì lè kọ́kọ́ lu yín kó tó kàn yín rárá. Ohun tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ èèdì náà wà nínú gémù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì rí i ò mọ̀ pé ó yẹ kóun wá a. Ẹni tó bá pàdánù wákàtí kan sọ́wọ́ irú èèdì bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún un pé kó lọ kọ́ ìjà sí i.

Ohun tí ọ̀tá kórìíra, ẹ máa wá a níbi gbogbo. Nínú Final Fantasy, oògùn tó ń jí akọni tó ṣubú máa ń pa òkú tó ń rìn, débi pé nínú Final Fantasy VI (1994) ẹyọ kan ló ń parí ọkọ̀ ojú irin iwin tí àwọn míì ń bá jà títí agara fi dá wọn. Nínú Baldur's Gate 3, ẹ ju ìgò omi lu ọ̀tá kó tutù, lẹ́yìn náà ẹ fi mànàmáná kọlù ú: ìpalára rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ẹ gun ibi gíga kí ẹ tó ta ọfà, dáìsì yín á fi méjì lé. Ọ̀tá tó bá dúró létí ọ̀gbun, ẹ tì í. Gbogbo ìyẹn ni gémù fi síbẹ̀ fún yín.

Òjóró kan wà tí kò sí nínú gémù rárá, tẹlifíṣọ̀n ni. Mo fẹ́ kí àwọn tó ni ilé gémù ní Ìkòròdú gbọ́ èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń ṣe àwòrán lọ́ṣọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbé e síta, iṣẹ́ yẹn sì lè dá àwòrán dúró fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wo fíìmù ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí gbogbo àyè rẹ̀ ò tó ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, idà ti wọ̀ ọ́ lára kí ojú rẹ̀ tó rí i pé ó ń bọ̀. Ẹ wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Game Mode sí, ẹ tàn án. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ tó jẹ́ pé èyí nìkan ló ń ṣe é.

Ti iná náà wà níbẹ̀. NẸ́PÀ ò mọ̀ pé ẹ̀mí bọ́ọ̀sì ti kù díẹ̀. Ibi tí gémù bá ti gbà yín láyè láti tọ́jú ibi tí ẹ dé, ẹ tọ́jú rẹ̀ kí ẹ tó wọ ìjà ńlá, ẹ má sì jẹ́ kí iná kú mọ́ ẹ̀rọ lórí nígbà tí àmì ìtọ́jú bá ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n, torí ìgbà yẹn ni àkọsílẹ̀ lè bàjẹ́.

Ó ku ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bá ara wọn jà lé lórí: ṣé ẹni tó dín ìjà kù tàbí tó pe olùrànlọ́wọ́ ti ṣe òjóró? Elden Ring fún yín ní agogo tí ẹ fi lè pe ẹ̀mí àwọn òkú láti bá yín jà. Àwọn tó ṣe gémù náà ló fi agogo yẹn lé yín lọ́wọ́, ẹni tó bá sì lù ú ò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń yan ìdẹ̀ra tàbí ìnira níbẹ̀, nítorí náà irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ àti ìrìn káàkiri láti kó agbára jọ ni ọ̀nà ìdẹ̀ra tó wà. Baldur's Gate 3 yàtọ̀: Explorer ló rọrùn jù, Balanced tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Tactician, ẹ sì lè máa pààrọ̀ wọn láàárín eré. Honour Mode ló le jù, àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ló ní, tí gbogbo akọni yín bá kú, ọlá yẹn ti lọ. Ẹ̀yin òbí tó fẹ́ ra gémù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá èèyàn lè pààrọ̀ ìnira rẹ̀ láàárín eré, kí ẹ tó sanwó.